Ọdún Tí Ẹ̀rọ Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Bi Ìyá Mi Ní Ìbéèrè

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìyá mi kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ohun tí o bá tẹ̀ ni yóò kọ. Bí o bá sì ṣì í tẹ̀, àṣìṣe rẹ náà ni yóò kọ sílẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ní agboolé wa ní Ìlọrin nígbà náà, ohùn mẹ́ta ló máa ń jí mi láàárọ̀: ohùn àwọn ọmọ kéú tí wọ́n jókòó yí Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ká lábẹ́ igi ọ̀dán, ohùn ewúrẹ́ Ìyá Àgbà tí kò fẹ́ kí wọ́n so òun mọ́lẹ̀, àti kà-kà-kà-kà-gín ẹ̀rọ ìyá mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tó ti ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ìjọba. "Gín" yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń dún bí ìlà kan bá ti parí, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ti dún pẹ́ díẹ̀, wọn yóò pè mí wá mu kókó. Háà, ìyá mi yára! Kì í wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ó lè máa tẹ̀wé kó máa bá Ìyá Àgbà jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, kó tún máa bú mi pé mi ò tíì gbálẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo kò sì ní í yẹ̀. Níbi iṣẹ́, Bàálù ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí ẹnì kankan kò mọ̀ níbi iṣẹ́ yẹn ni pé Bàálù kì í gbọ́ ohun tó ń tẹ̀. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò sì kà á tán. Ilé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé tó lọ lẹ́yìn ìyẹn, ìka ni wọ́n kọ́ níbẹ̀, wọn kò kọ́ èdè. Bí o bá gbé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀, yóò dà á kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, àmì kan ò ní í sọnù, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìkíni àti "yẹ́ẹ̀sì sà", kò mọ ohun tí ìwé náà ń wí. Èmi mọ̀, torí èmi ni mò ń kà á fún un. Ọjọ́ kan ló mú ìwé kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó pè mí wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. "Rìsì, èyí ni mo tẹ̀ lónìí. Ẹ̀dà mẹ́jọ ni. Láti ìgbà tí mo ti pín in tán ni àwọn èèyàn ti ń wò mí bákan. Kà á fún mi." Mo kà á, mo tún un kà, kó lè dá mi lójú. Ìwé náà ní ìjọba ti ra kọ̀ǹpútà. Ó ní kí gbogbo taipíìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ọ́fíìsì náà lọ kọ́ ọ níta fúnra wọn. Ó ní bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ wọn yóò dán wọn wò, kí kálukú mú sátífíkéètì wá pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì, awo pẹlẹbẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ sí, tí iṣẹ́ mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá yege, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ̀dà mẹ́jọ?" "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ó gba ìwé náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó ní, "Mi ò sì ṣàṣìṣe kankan níbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́, ọkàn tèmi náà kò sì balẹ̀. Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹn jẹ́ ti fáàrí o. Wọ́n ti dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀ ṣáájú, ó ti lọ ń dáko ní ìhà Malété, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì wálé pẹ̀lú iṣu díẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìtùnú púpọ̀. Ìkòkò ìyá mi ni gbogbo wa ń wò. Obìnrin tí kì í fi oúnjẹ ṣeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀wà kaná tí yóò sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. A jẹ ẹ̀wà jíjó lọ́dún yẹn débi pé Ìyá Àgbà bi í pé, "Ìyàwó, ṣé ẹ̀wà lò ń sè ni àbí èédú?" Bí ó bá ń gbálẹ̀, yóò dúró lójijì, màá sì rí ìka rẹ̀ tó ń rìn lórí igi ìgbálẹ̀ bí ẹni ń tẹ̀wé. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tí à ń ṣa ẹ̀wà tó rà ní ọjà Ìpàtà. "Bí wọ́n bá lé mi, á dùn mí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá mi ò gbọ́ nǹkan tí mò ń tẹ̀? Rìsì, ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Ẹ gbọ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí! Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ ọdún mẹ́wàá? Èmi náà ti bí mẹ́ta báyìí, n kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ìkankan nínú wọn. Inú máa ń bí mi sí i nígbà mìíràn, títí di òní. Àmọ́ tí mo bá tún rò ó, ta ni ìbá sọ fún?

Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó rí wà ní àdúgbò Fate, yàrá kan ṣoṣo lókè ilé alájà kan. Ọjọ́ Sátidé là ń lọ. Ó sọ fún gbogbo ilé pé òun ń mú mi dání kí ojú mi lè là. Irọ́ ni; ojú tèmi ló fẹ́ fi ríran. Wọ́n ní kí a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nítorí eruku, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn ń fẹ́ bíi pé ọyẹ́ tó wà níta kò tó. Ìyá mi bọ́ bàtà, ó ní "Bísímílàhì", ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé bí ẹni ń wọ mọ́sálááṣí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí abẹ́ imú. Tíṣà wa náà kò ju ọmọ lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó fẹ́ hù sí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, ó sì ń pe ìyá mi ní "Ìyá" tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ètò ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Wọ́ọ̀dù-Sítà ni wọ́n fi kọ́ òun, pé nínú ìyẹn o ní láti há gbogbo àṣẹ sórí. Pé èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, Wọ́ọ̀dù Páfẹ́ẹ̀tì, ló gbòde báyìí, òun sì ni a ó kọ́. Ojú kọ̀ǹpútà náà búlúù láti òkè délẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n lẹ pépà gígùn kan mọ́ òkè àwọn bọ́tìnnì, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ búlúù, tó ń sọ èyí tí a ó tẹ̀ láti gé, láti tọ́jú, láti jáde. Ní ti ìka, ìyá mi dójú ti gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ á yọ nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á dúró, á máa retí ìdáhùn. Ìyá mi á dúró pẹ̀lú. Á wá fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi jẹ́jẹ́, èmi náà á yọ́ ọ sọ sí i létí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà ní kó fi LETA ṣe orúkọ tí ẹ̀rọ yóò fi tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, ìyá mi sì rò pé orúkọ tí à ń kọ nìyẹn nígbà gbogbo. Nígbà tó tún kọ LETA lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ bi í ní nǹkan tí kò bi í rí. Ìgbọ̀nwọ́ bà mí. Mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, ẹ ò lè fi ìyẹn bá mi wí. Mo ní, "Ó ní ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́." Ó ní, "Èwo ni ti àtijọ́?" Mo ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wò mí, kò yé e. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti ka wàláà mi fún Bàbá Àgbà láìkọsẹ̀, tó ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti lọ ilé kéú mọ̀ ọ́n: wọn a fi tàdáwà kọ iṣẹ́ rẹ sára igi pẹlẹbẹ yẹn, wàá kà á títí yóò fi wọ orí, wàá wá fi omi fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lè kọ òmíràn sí i, a tilẹ̀ máa ń mu omi rẹ̀ kó má bàa ṣòfò. Bàbá Àgbà máa ń sọ pé ohun tí orí bá ti gbà, igi ò gbọdọ̀ máa gbé e kiri mọ́. Mo bá yọ́ ọ sọ fún ìyá mi pé, "Bíi ká fọ wàláà ni, Ìyá." Ojú rẹ̀ là kedere. Ó ti fọ wàláà tirẹ̀ rí, nílé bàbá tirẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti mọ tọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kó fọ̀ ọ́." Ó tẹ Y. Lọ́sẹ̀ kẹta ẹ̀rọ tún bi í, kò tiẹ̀ gbá mi nígbọ̀nwọ́ mọ́. Ó tẹ Y fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ìbéèrè kan wà tí òun mọ ìdáhùn rẹ̀. Tíṣà máa ń wo iṣẹ́ náà lójú kọ̀ǹpútà kí ìyá mi tó tọ́jú rẹ̀, á sàmì sínú ìwé tirẹ̀, kò sì sí ìdí tí yóò fi wo inú dísíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ń fi ọ̀rá wé dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ rẹ̀ láàárín àwọn ìborùn tó fi ń lọ Yídì.

Sátidé tí ó ṣáájú ìdánwò ni Tíṣà ki dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn bọ ẹ̀rọ láti fi kọ sátífíkéètì. Ìdánwò di ọjọ́ Mọ́ńdè. Orúkọ kan ṣoṣo ló yọ. Ó tún un tẹ̀. Orúkọ kan náà. "Ìyá, níbo ni mẹ́sàn-án yòókù wà?" Ìyá mi tọ́ka sí dísíkẹ́ẹ̀tì náà. Tíṣà tún bi í pé, "Ṣé ẹ̀rọ ò bi yín kó tó pa wọ́n rẹ́ ni?" "Ó bi mí." "Kí lẹ wá sọ?" "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni." Tíṣà gbé ọwọ́ lé orí. "Háà, Ìyá! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní bẹ́ẹ̀ ni?" Ìyá mi sì dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n bi ní nǹkan tó hàn kedere: "Mo ti há wọn sórí." Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà bá a rín in. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Èmi ni. Èmi ni mo ní kó fọ̀ ọ́. Mo ń retí kí ìyá mi nawọ́ sí mi, kó ní ọmọ yìí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kò wo ìhà ọ̀dọ̀ mi rárá. Bóyá ìyẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tí Tíṣà ṣì ń ti inú dúrọ́ọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wá ìwé tí àwọn lẹ́tà náà wà, ìyá mi ti ń tẹ̀. Láìwo ibì kankan. Lẹ́tà àkọ́kọ́, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ìkíni títí dé ibi ìbuwọ́lùwé. Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rín tún tán nínú yàrá náà. Òótọ́ ló sọ, ó ti há wọn sórí, gbogbo wọn, nínú èdè tí kò gbọ́. Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò pe èyí, wọn yóò ní òpè ni. Kí wọ́n lọ jókòó! Àwa ọmọdé tí à ń ké kéú lábẹ́ igi ọ̀dán, ta nínú wa ló gbọ́ Lárúbáwá nígbà yẹn? A há a, a kà á, ọ̀rọ̀ náà sì dúró nínú wa títí ìtumọ̀ rẹ̀ fi bá wa níbẹ̀. Ó tẹ mẹ́rin, Tíṣà sì bá a tọ́jú wọn, kí wọ́n tó mú iná lọ. A dúró títí ìrun Àlàásárì fi kọjá, iná kò dé. A rìn wálé, ọyẹ́ ń bó wa létè, n kò sì lè jẹ wàrà tí Ìyá Àgbà fi pamọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Tíṣà fúnra rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún wa. Iná dé lọ́sàn-án. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn tó kù, bí ó bá sì ti parí ọ̀kan, Tíṣà á ní, "Ìyá, orúkọ tuntun o." Orúkọ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ. Ó fi RISI sọ ọ̀kan. Ó fi MALETE sọ ọ̀kan nítorí bàbá mi. IPATA wà níbẹ̀, EWURE náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìkẹwàá wọlé, ó ní "Alihamudulilahi," ó wá wo àga tí mo jókòó lé. Mo mọ ohun tó ń rò. Lọ́la, ta ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ní Mọ́ńdè mo lọ sílé ẹ̀kọ́, tíṣà mi ná mi lẹ́gba méjì nítorí pé ó pè mí nígbà mẹ́ta n kò gbọ́. Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti ti Malété dé, ó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Bàbá Àgbà ń kọ́ àwọn ọmọ kéú àmọ́ ojú rẹ̀ wà lọ́nà. A ti kírun Àlàásárì kí ìyá mi tó wọlé. Ó jókòó, ó gba omi, ó mu ún tán, ó tún tọrọ òmíràn. Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó, má pa wá o." Ìgbà náà ló wá sọ ọ́. Ó ní nígbà tí àwọn débẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà kò búlúù. Àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba rà ti gba ètò tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n dì pọ̀ sínú ẹyọ kan: ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún ìṣirò, ọ̀kan fún àwòrán tí ọ̀gá yóò fi ṣàlàyé nínú ìpàdé. Ọ́fíìsì ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Eku kan wà tí o máa fi ọwọ́ tì kiri lórí tábìlì. "Eku?" ni Ìyá Àgbà wí. "Nínú ọ́fíìsì ìjọba?" Wọ́n kọ́kọ́ gba dísíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ka iṣẹ́ inú rẹ̀, wọ́n dá obìnrin kan padà sílé lójú ẹsẹ̀ torí méje ni tirẹ̀. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n ti há sórí, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, ọ̀kan ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n ìyá mi wo òkè ojú kọ̀ǹpútà, ó rí àwòrán. Ó ní, "Mo rí sísọ́ọ̀sì. Kí ni sísọ́ọ̀sì ń ṣe ju pé kó gé nǹkan lọ? Mo rí dísíkẹ́ẹ̀tì kékeré, mo ní èyí ni wọ́n fi ń tọ́jú." Ó tẹ lẹ́tà náà, ó parí ṣáájú gbogbo wọn. Ó wá fẹ́ jáde. Àpótí kan yọ láàárín, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, kò sì sí àwòrán kankan níbẹ̀.

"Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi," ni ìyá mi wí, ó sì wò mí bí ó ṣe ń wí i. "Mo rántí mẹ́sàn-án tó lọ. Mo ní tí mo bá tún fi orí òfìfo dáhùn ìbéèrè yìí, ó tán nìyẹn." Ó bá nawọ́ sókè. Obìnrin tó ń darí ìdánwò náà wá bá a. Ọ̀gá wọn, tí ìyá mi ti ń tẹ lẹ́tà fún láti ìgbà tí n kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń bi mí. Mi ò gbọ́ òyìnbó ibẹ̀." Ọ̀gá ní, "Báwo? Ìwọ kọ́ lo tẹ gbogbo lẹ́tà mi?" Ó ní, "Èmi ni, sà. Mo tẹ̀ wọ́n. Mi ò kà wọ́n." Bàbá mi gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Ìyá mi ní ọ̀gá wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí àṣírí ọ́fíìsì mi ò fi tú láti ọjọ́ yìí wá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ̀yin lẹ̀ ń tú u." Obìnrin yẹn ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ó túmọ̀ ìbéèrè náà fún un: ṣé kí ẹ̀rọ tọ́jú iṣẹ́ náà kó tó jáde. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó dìde, ọwọ́ méjì mìíràn ti yọ lókè nínú yàrá náà, àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún gbọ́nhan. Mẹ́ta ni wọ́n mú. Ìyá mi wà níbẹ̀.

Ilé kún fún ariwo ayọ̀. Bàbá Àgbà ṣe àdúà títí ẹnu fi ń ro àwa tí à ń ṣe àmín. Èmi nìkan ni n kò lè yọ̀. Nígbà tí ìyá mi wọ yàrá, mo tẹ̀ lé e, mo sì tú u jáde. "Ìyá, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́." Ẹkún ti gbà mí. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́," ó dá mi lóhùn, "èmi ni mo bí ọ, ìwọ kọ́ lo bí mi." Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu imú mi, ó nù ún le gan-an, bó ṣe máa ń nù ún nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní obìnrin tó darí ìdánwò yóò máa kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó nawọ́ sókè ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní kò sí ìwé kankan mọ́ tí mo ní láti kà fún òun. "Mo ti di ẹrù tó wúwo lé ọ lórí, Rìsì, o sì ru ú. Ó tó. Lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣeré."

Mo jáde. Àwọn ọmọbìnrin agboolé wa ti fa ìlà sùwè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n ń fò, wọ́n ń pariwo, ọ̀kan pè mí pé kí n wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, n kò sì rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń fò ó mọ́.